Ta Ló Jẹ̀bi Òlòlò Àbúrò Mi?

Òwe kan wà tí kò sí ọmọ Yorùbá tí kò gbọ́ ọ rí: bó pẹ́ bó yá, akólòlò yóò pe baba. Nígbà tí àwọn àgbà bá pa á, ohun tí wọ́n ń sọ ni pé kí ènìyàn ní sùúrù, pé ohun tí ó pẹ́ kì í ṣe ohun tí kò ní í dé. Òwe rere ni. Ṣùgbọ́n ní ilé tiwa, èmi kò gbádùn òwe náà rí, nítorí pé akólòlò wà níbẹ̀, ojú rẹ̀ sì ni wọ́n ti máa ń pa á. Àbúrò mi ni. Bánkọ́lé ni orúkọ rẹ̀, orúkọ náà gan-an ni ó sì ṣòro jù fún un láti pè nínú gbogbo ọ̀rọ̀ tí ń bẹ ní ilé ayé.

Ẹ̀yin òǹkàwé, mo tọrọ gáfárà, pàápàá lọ́wọ́ ẹ̀yin olùkọ́ wa tí ẹ mọ̀ jù mí lọ. Èmi kì í ṣe akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ọkàn, èyí tí àwọn kan ń pè ní saikọ́lọ́jì. Èdè ni mo ń kọ́. Ṣùgbọ́n èdè ló mú mi dé àgbàlá àwọn onímọ̀ ọkàn, òlòlò àbúrò mi ni kò sì jẹ́ kí n tètè kúrò níbẹ̀. Mo fẹ́ mọ ohun tí ó ń ṣe é. Bí mo ti ń ka ìwé kan lẹ́yìn òmíràn ni mo rí i pé ìbéèrè tí ó wà nínú mi kì í ṣe "Kí ló fà á?" nìkan, "Ta ló jẹ̀bi?" ni ó wà lábẹ́ rẹ̀. Àwọn ìbéèrè méjèèjì jọ ara wọn, ṣùgbọ́n wọn kì í ṣe ọmọ ìyá kan náà.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ro ti ilé. Bánkọ́lé ti ń sọ̀rọ̀ geere kí ó tó pé ọmọ ọdún mẹ́rin. Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í há a lẹ́nu. Yóò ya ẹnu, iṣan ọrùn rẹ̀ yóò le, yóò máa ṣẹ́jú, ọ̀rọ̀ kò sì ní í jáde. Àwọn ará ilé kò ṣàìní àlàyé. Ẹnì kan ní káfíńtà kan tí ń kólòlò ní ìsọ̀ òdìkejì ọ̀nà ni ọmọ náà ń sín jẹ tí òlòlò fi ràn án. Ẹlòmíràn ní ìyá mi ló fa ọ̀ràn, pé ó jágbe mọ́ ọmọ náà lọ́jọ́ kan tí ó da epo nù, àti pé ìpayà ọjọ́ náà ni kò kúrò lára rẹ̀. Ẹnì kẹta ní iṣẹ́ ayé ni. Ti ẹnì kejì yìí ni ìyá mi gbà gbọ́. Títí di bí ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, bí epo bá dànù ní ilé wa, ẹ kò ní í gbọ́ ohùn rẹ̀.

Èmi náà ńkọ́? Mo fi ọdún mẹ́rin ju Bánkọ́lé lọ. Nígbà tí àwọn ọmọ àdúgbò bá péjọ sí ẹ̀yìnkùlé wa ní ìrọ̀lẹ́, èmi ni mo máa ń sín in jẹ kí wọ́n lè rẹ́rìn-ín. Mo mọ̀ ọ́n ṣe ju ẹnikẹ́ni lọ, nítorí pé orí ẹní kan náà ni a jọ ń sùn. Òun náà a máa bá wọn rẹ́rìn-ín. Ní ilé ìwé, olùkọ́ kan wà tí ń fi rúlà gbá a lẹ́nu, ó ní kí ọ̀rọ̀ lè tètè jáde.

Ọ̀dọ̀ Sigmund Freud ni mo kọ́kọ́ yà sí, bóyá nítorí pé orúkọ tirẹ̀ ló kún ẹnu àwọn ènìyàn jù. Dókítà ni ní ìlú Vienna. Ní 1895, òun àti Josef Breuer tẹ ìwé kan jáde lórí àìsàn tí wọ́n ń pè ní hysteria, obìnrin kan sì wà nínú ìwé náà tí wọ́n fún ní orúkọ Emmy von N. kí a má baà mọ ẹni tí í ṣe. Obìnrin yìí a máa kólòlò, a sì máa fi ahọ́n ta ní àárín ọ̀rọ̀. Nígbà tí Freud wádìí rẹ̀, ó rí i pé ọjọ́ kan wà tí ọmọ obìnrin náà ń ṣàìsàn gan-an, tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ sùn lọ, tí ìyá sì ń sọ fún ara rẹ̀ pé òun kò gbọdọ̀ pariwo rárá. Ọjọ́ mìíràn wà tí àrá sán nítòsí àwọn ẹṣin tí ń fa ọkọ̀ rẹ̀, tí ó ní bí òun bá fi lè kígbe, ẹ̀rù yóò tún ba àwọn ẹṣin náà sí i. Lójú Freud, ènìyàn méjì ni ó wà nínú akólòlò: ọ̀kan fẹ́ sọ̀rọ̀, èkejì sì fi ọwọ́ bo ọ̀kan lẹ́nu. Ohun tí a gbé sin sí ìsàlẹ̀ ọkàn kò kú. Ẹnu ni ó ń gbà yọ.

N kò ní í purọ́, ọ̀rọ̀ yìí wọ̀ mí létí. Àwa Yorùbá kò ṣàì mọ̀ pé inú jìn, àti pé ohun tí ojú rí kọ́ ni ẹnu ń sọ nígbà gbogbo. Ṣùgbọ́n Freud fúnra rẹ̀ jẹ́wọ́ pé ìwòsàn tí òun ṣe fún obìnrin náà kò tọ́jọ́. Èyí tí ó sì dùn mí jù ni ohun tí àwọn kan nínú àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ sọ ọ̀rọ̀ náà dà ní ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà: bí ohun kan bá ti ṣe ọmọ, wọn a yí ojú sí ìyá rẹ̀. Nígbà tí mo ka ìyẹn, epo tí ó dànù ni mo rí.

Mo wá kọjá sí ọ̀dọ̀ àwọn tí wọ́n ní àwọn kò fẹ́ gbọ́ nípa ìsàlẹ̀ ọkàn mọ́. Pavlov, ará Rọ́ṣíà tí ó gba ẹ̀bùn Nobel ní 1904, ti fi hàn pé itọ́ ajá lè máa dà nígbà tí kò tilẹ̀ tíì rí oúnjẹ, bí ohun kan bá sáà ti máa ń ṣáájú oúnjẹ náà. Ní 1913, Watson ní Amẹ́ríkà kéde pé ohun tí ojú lè rí nìkan ni kí ìmọ̀ ọkàn máa wò: kí ni ó ṣẹlẹ̀ sí ẹ̀dá, kí sì ni ẹ̀dá ṣe? Ní 1920, òun àti Rosalie Rayner tẹ ohun tí wọ́n ṣe fún ọmọ ọwọ́ kan tí wọ́n pè ní Albert jáde. Ọmọ náà kò tíì pé ọdún kan. Eku funfun kan wà tí kò bẹ̀rù. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lu irin gbàǹgbàn lẹ́yìn orí rẹ̀ nígbàkigbà tí ó bá fẹ́ fọwọ́ kan eku náà, títí ọmọ fi ń sunkún bí ó bá ti rí i. Ó di ẹni tí ń bẹ̀rù ehoro pẹ̀lú. Wọn kò mú ẹ̀rù náà kúrò kí ìyá rẹ̀ tó gbé e lọ. Ilé ìkàwé ni mo wà ní alẹ́ tí mo ka èyí, rúlà olùkọ́ yẹn ni ó sì wá sí mi lọ́kàn.

Ṣùgbọ́n ẹni tí ó dá mi dúró pẹ́ jù ni Wendell Johnson, ní Yunifásítì Iowa. Kì í ṣe ọmọ ẹ̀yìn Watson gan-an, ṣùgbọ́n ọ̀nà wọn kò jìnnà síra. Akólòlò ni òun fúnra rẹ̀, ó sì fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ wá ìdí rẹ̀. Ohun tí ó sọ ni pé gbogbo ọmọ kékeré ni í máa ta kókó lẹ́nu nígbà tí wọ́n bá ń kọ́ ọ̀rọ̀ sísọ. Òbí tí ó bá gbọ́ ọ tí ó ní "Yéè, ọmọ mi ń kólòlò!" ni ó sọ ohun kékeré náà di àrùn. Nínú etí òbí ni òlòlò ti ń bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe ní ẹnu ọmọ.

Ní 1939, Johnson rán akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ kan, Mary Tudor, lọ sí ilé àwọn ọmọ aláìlóbìí kan ní ìlú Davenport láti dán ọ̀rọ̀ náà wò. Ọmọ 22 ni wọ́n ṣà: 10 ń kólòlò, 12 kò kólòlò. Nínú àwọn tí ẹnu wọn já geere yìí, wọ́n mú 6, wọ́n sì ń sọ fún wọn pé òlòlò ti ń bẹ̀rẹ̀ lẹ́nu wọn, pé kí wọ́n dá a dúró, pé kí wọ́n má sọ̀rọ̀ bí kò bá ní í já gaara. Láti oṣù kìíní títí di oṣù karùn-ún ni èyí fi ń lọ. Ẹ wo ọmọ tí kò ní baba, tí kò ní ìyá, tí àgbàlagbà láti yunifásítì jókòó níwájú rẹ̀ tí ó ń wí báyìí fún un! Àwọn ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í dákẹ́. Wọ́n ń ka ọ̀rọ̀ wọn bí ẹni ń ka owó. Wọn kò gbé iṣẹ́ náà jáde nínú ìwé ìmọ̀ kankan. Ní 2001 ni oníròyìn kan tú u síta, yunifásítì náà sì tọrọ àforíjì. Ní 2007 ni ìjọba ìpínlẹ̀ Iowa gbà láti san dọ́là 925,000 fún 6 nínú àwọn ọmọ ọjọ́ náà tàbí àwọn àjògún wọn.

Ẹ dákun, ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ síbí. Àwọn tí ó tún ìwé iṣẹ́ náà yẹ̀ wò lẹ́yìn náà ní kò sí ẹ̀rí pé àwọn ọmọ náà di akólòlò ní tòótọ́. Èyí ni pé àbá Johnson kò fẹsẹ̀ múlẹ̀. Ṣùgbọ́n ìtìjú mú àwọn ọmọ náà, ìbẹ̀rù ọ̀rọ̀ sì mú wọn. Ohun méjì tí Johnson rò pé ó jẹ́ ọ̀kan ni iṣẹ́ tirẹ̀ pín níyà, bí kò tilẹ̀ jẹ́ pé ohun tí ó ń wá nìyẹn. Nígbà tí òye yìí yé mi, mo pa ìwé náà dé, mo sì jáde lọ gba atẹ́gùn.

Akẹ́kọ̀ọ́ èdè kò sì lè ṣàì rẹ́rìn-ín sí ohun kan. Johnson kọ ọ́ ní 1944 pé àwọn ẹ̀yà Bannock àti Shoshone, tí wọ́n jẹ́ onílẹ̀ ní Amẹ́ríkà, kò ní ọ̀rọ̀ kankan tí wọ́n fi ń pe òlòlò, ìdí nìyí tí kò fi sí akólòlò láàárín wọn. Ní 1983, àwọn mìíràn tí ó gbọ́ nípa èdè wọn dáadáa jáde, wọ́n ní ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń pè é kò lóǹkà kan, akólòlò sì wà níbẹ̀ bí ó ti wà níbi gbogbo. Ẹni tí kò gbọ́ èdè ènìyàn, tí ó sì ń sọ ohun tí kò sí nínú rẹ̀, ó yẹ kí ó máa rọra.

Nípa èdè náà ni mo fi dé ọ̀dọ̀ Skinner. Ní 1957, ó kọ ìwé ńlá kan pé èdè kò yàtọ̀ sí àṣà mìíràn tí èrè ń fìdí rẹ̀ múlẹ̀: ọmọ sọ "omi", wọ́n fún un ní omi, ó tún sọ ọ́. Ní 1959, Noam Chomsky dá a lóhùn nínú ìwé àtìgbàdégbà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Language, ìdáhùn náà sì dà bí òkò tí a sọ lu ìkòkò. Ó ní ọmọ ń sọ gbólóhùn tí ẹnikẹ́ni kò sọ sí i létí rí, a kò sì lè fi èrè ṣàlàyé ìyẹn àfi bí a bá na ọ̀rọ̀ náà "èrè" títí kò fi ní ìtumọ̀ mọ́. Òfin èdè wà nínú ọpọlọ ọmọ náà. Láti ìgbà náà ni ọ̀pọ̀ onímọ̀ ọkàn ti tún ń bèèrè ohun tí ń lọ nínú orí ènìyàn, ṣùgbọ́n kì í ṣe ní ọ̀nà ti Freud.

Èmi kò nílò kí Chomsky jẹ́rìí èyí fún mi, Bánkọ́lé ti jẹ́rìí rẹ̀ tipẹ́. Bí ó bá rí i pé ọ̀rọ̀ kan yóò há òun lẹ́nu, a máa sá fún un. Kò jẹ́ pe bàtà ní bàtà. "Ohun ẹsẹ̀" ni yóò wí. Bọ́ọ̀lù di "ohun tí a ń gbá". Nítorí àtipe baba wa, "Dádì" ni ó ń pè é, àwọn ará ilé sì ń wí pé ọmọ náà ń ṣe òyìnbó. Wọn kò mọ̀ pé òwe àwọn àgbà ni ó ń sá fún! Ẹ wo irú ọpọlọ tí yóò rí òkúta lọ́nà kí ẹsẹ̀ tó kàn án, tí yóò wá ọ̀nà mìíràn, tí gbólóhùn kò sì ní í wọ́. Orúkọ tirẹ̀ nìkan ni kò rí nǹkan fi dípò.

Carl Rogers ni n kò ní í pẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ mọ́ lóòótọ́: kí a gba ẹnì kejì bí ó ti rí, kí a gbọ́ ọ tán, kí a má ṣe ṣe ìdájọ́ rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ yóò sì wá ọ̀nà tí yóò gbà dàgbà. Mo kàn rò pé ó fojú kéré iye ohun tí ń ṣe ènìyàn tí gbígbọ́ nìkan kò lè wò. Síbẹ̀, ìyá wa àgbà tí kò mọ̀wé a máa tú ẹ̀gúsí, Bánkọ́lé a sì máa bá a sọ̀rọ̀, òlòlò náà a sì dín kù. Òun ni ó kọ́ ọ ní oríkì ìdílé wa.

Oríkì yìí sì ni ó yẹ kí gbogbo wọn wá wí tẹnu wọn lé lórí. Nítorí pé Bánkọ́lé, tí kò lè pe orúkọ ara rẹ̀, yóò ki oríkì baba ńlá wa láti òkè délẹ̀ láìkọsẹ̀. Bí ó bá ń kọrin, tàbí tí òun àti àwọn mìíràn bá jọ ń wí ohun kan pọ̀, òlòlò kò sí. Bẹ́ẹ̀ ni ó rí fún ọ̀pọ̀ akólòlò ní gbogbo ayé. Freud ìbá ní ọ̀rọ̀ oríkì kì í ṣe ti ọmọ náà, nítorí náà kò ní ohun tí yóò fi pamọ́ níbẹ̀. Watson ìbá ní kò sí ẹni tí ó fi rúlà gbá a nítorí oríkì rí. Rogers ìbá ní ìyá àgbà ni. Àwọn tí ń wo ọpọlọ lónìí ní ìlù àti ìró ni ó ń bá ọpọlọ ka àkókò tí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan yóò bọ́ síta, iṣẹ́ tí ọpọlọ akólòlò kì í lè dá ṣe dáadáa. Ti ìkẹyìn yìí ni mo gbà jù, nítorí pé ó ṣàlàyé orin tí àjèjì kọ pẹ̀lú èyí tí ìyá àgbà kọ́ni.

Àwọn ti ìkẹyìn yìí náà ni wọ́n ní ìròyìn tí mo gbé lọ sílé. Nínú ọmọ 100, bí 5 ni ó ń la òlòlò kọjá; ó ń fi púpọ̀ nínú wọn sílẹ̀, ó sì ń kù sí bí 1 nínú àgbàlagbà 100, ọkùnrin sì pọ̀ ju obìnrin lọ bí 4 sí 1. A máa rìn nínú ìdílé. Ní 2010, Dennis Drayna àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà rí àbùkù kan nínú àwọn jíìnì tí ń bójú tó kíkó ìdọ̀tí kúrò nínú àwọn sẹ́ẹ̀lì ara, láàárín àwọn ìdílé kan ní Pakistan. Díẹ̀ nínú àwọn akólòlò ni èyí kàn, ṣùgbọ́n ó fi ọ̀nà hàn. Àwọn onímọ̀ òde òní gbà pé kì í ṣe ọ̀nà tí òbí gbà tọ́ ọmọ ni ó ń fa òlòlò.

Mo sọ ọ́ fún ìyá mi. Mo rò pé yóò yọ̀. Ó gbọ́ mi tán, ó tẹjú mọ́ ilẹ̀, ó wá bi mí pé: "Ẹ̀jẹ̀ tèmi ni àbí ti bàbá yín?"

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, n kò rí èsì fún un. Mo ti rò pé bí a bá gbé òlòlò kúrò nínú ìwà tí a gbé e sínú ara, ẹ̀bi ti tán nìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹ̀bi kò tán, ibùjókòó ni ó pàrọ̀. Nínú àbá tiwa ti àkúnlẹ̀yàn pẹ̀lú, ẹni tí ọ̀ràn náà ṣẹ̀ sí ni a sọ pé ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ yàn án ní ọ̀run, n kò sì mọ̀ bóyá ìyẹn sàn ju ti Freud lọ.

Ẹnì kan ni mo rí tí kò fi ẹ̀bi bẹ̀rẹ̀. Láti 1954 ni Dókítà Adeoye Lambo ti ń ṣètò ní Arò, ní Abẹ́òkúta, pé kí àwọn alárùn ọpọlọ máa gbé nínú abúlé tí ó wà nítòsí ilé ìwòsàn, kí ìbátan kan sì wà pẹ̀lú ẹnì kọ̀ọ̀kan, tí yóò máa se oúnjẹ fún un, tí yóò sì máa mú un lọ gba ìtọ́jú. Àrùn ọpọlọ kọ́ ni òlòlò, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó: kí wọ́n tó parí àríyànjiyàn lórí ohun tí ó fà á, ìbéèrè ta ni yóò dúró tì í ti ní ìdáhùn.

Ibi tí mo dúró nìyí, bí olùkọ́ kan bá sì rí àléébù níbẹ̀, kí ó tọ́ mi sọ́nà. Mo gbà pé òlòlò àbúrò mi, kò sí ẹni tí ó jẹ̀bi rẹ̀: kì í ṣe ìyá mi, kì í ṣe epo, kì í ṣe káfíńtà. Ṣùgbọ́n òlòlò yàtọ̀ sí ìtìjú òlòlò. Ìkejì yìí ni àwọn ọmọ 6 tí Davenport gbà. Ẹ̀kọ́ ni, ó sì ní olùkọ́, mo sì wà nínú àwọn olùkọ́ náà ní ẹ̀yìnkùlé wa ní ìrọ̀lẹ́. Kò sí jíìnì tí yóò bá mi gbé ti ìyẹn. Ó tilẹ̀ ṣe mí bí ẹni pé gbogbo ìwé tí mo ń kà, mo ń wá èyí tí yóò dá mi láre nínú wọn ni.

Ní ìsinmi tí ó kọjá, mo jókòó ti Bánkọ́lé, mo sì bẹ̀ ẹ́ nítorí ọ̀rọ̀ ìgbà èwe wa. Lẹ́yìn náà ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í to gbogbo àwọn àbá yìí fún un ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo ní kí ó sọ èyí tí òun rò pé ó bá òun mu. Ó fẹ́ fèsì, ó há. Mo rí iṣan ọrùn rẹ̀ tí ó le. Ọ̀rọ̀ tí ó ń wá, ó dá mi lójú pé mo mọ̀ ọ́n, ó wà ní orí ahọ́n èmi náà láti bá a sọ ọ́. N kò sọ ọ́. Mo dúró. Ó pẹ́ gan-an. Ìgbà tí ó jáde, kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí mo rò rárá. Ó ní: "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ò bi mí rí."